Aago Ìlá

Ó tún ṣẹ́jú.
Ìlà funfun kan là á láàárín
bí ìgbà tí abẹ la aṣọ.
Mo pa á, mo tàn án, pàbó.

Ọ̀jẹ́wálé pè láti Hull:
"Ọ̀ṣọ́ ti pọ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà rẹ.
Bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo yọ ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́; ó ṣì ń gbọ̀n.
Mo yọ òjò àfọwọ́ṣe
(ti Sunderland gan-an ń lu fèrèsé).
Ó ku aago kékeré tó ń ka àkókò Ìlá.
Mo fà sẹ́yìn díẹ̀.
Mo yọ ọ́.

Ojú ẹ̀rọ dákẹ́ rọ́rọ́, bí omi inú àmù.

Ìgbà òtútù nìyí: kí n tó pe ìyá mi,
ìka kan ni mo ń ká,
mo ń ro wákàtí kan kún alẹ́.