Ibi tí a kò ti fẹ́ omi

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, ní Kàbà.
Ásíìdì dì gbagidi nínú ìgò lórí pẹpẹ,
ó funfun bí yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò rí kó bọ́.
Mo gbé e sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́
(ìta ìgò nìkan ni omi ti lè ràn wá lọ́wọ́ lónìí),
mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí kò tíì jí,
mo ń retí kó rántí bí a ti í ṣàn.

Nọ́ọ̀sì Olúmorótì ló gbé oògùn náà wá láti Ìsánlú,
nínú agolo mílíìkì, lórí ọ̀kadà,
kuiníìnì tí wọ́n fún ọmọ mẹ́ta
tí ibà kò sì gbọ́ tirẹ̀.
Kò sunkún. Ó ní, "Okun o."
Ó ní, "Ẹ bá mi bi í léèrè
bóyá òun ló ń jẹ́ orúkọ ara páálí."

Ṣùgbọ́n a kì í bi kuiníìnì léèrè tán nínú omi.
Ọ̀gá Arókoyọ̀ ló kọ́ mi, kó tó fẹ̀yìn tì:
"Omi ṣèèyàn jù.
Ẹni tó bá ṣáà ti wọlé ló ń gbà lálejò,
akọni àti ọ̀lẹ, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀.
Ẹni tí ohùn tirẹ̀ bá wá kéré,
omi a sọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.
Mú un lọ síbi tó kan gógó,
sọ́dọ̀ ẹni tí kì í bá a du òkèlè.
Yóò là á sọ."

Nítorí náà, a lé omi jáde.
Omi tí wọ́n ní kò lọ́tá,
tí ìyá mi ń rù gun òkè kí ilẹ̀ tó mọ́,
níhìn-ín, ìkán rẹ̀ kan tó ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.
Mo nu bíkà, mo tún un nù.
Mo nu àtẹ́lẹwọ́ mi tó ń làágùn nínú ọyẹ́.
Mo kọ ìwọ̀n ooru yàrá sílẹ̀,
torí ásíìdì yìí a máa wú bí oòrùn bá ràn,
ìṣirò a sì purọ́ láìmọ̀.

Mo ṣí ìgò. Òórùn rẹ̀ gba imú lọ bí ẹ̀sùn.
Kíkan nìyí; ó ku kíkán.
Mo tú ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì díẹ̀:

ó kán.

Ó dúró.

Ó kán.

Aró tí mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wà nísàlẹ̀, elésè àlùkò,
bí etí aṣọ tí ìyá àgbà mi ń hun ní Ògìdì.
Yóò dúdú bí ẹ̀lú, yóò wá tutù bí ewé.
Bí kuiníìnì bá pé nínú rẹ̀, yóò pẹ́ kó tó yí:
mílílítà mẹ́jọ ni mo ń retí,
mo ti fa àga mi mọ́ra.

Ní ìkán kẹtàdínlógún, ó yí.

Mo ní bóyá ojú mi ni.
Mo lọ òmíràn kúnná, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un ṣe.
Mo mú kuiníìnì tòótọ́ láti inú àpótí,
òun lo mílílítà mẹ́jọ rẹ̀ pé, kò yẹ̀.
Mo tún ti Ìsánlú ṣe lẹ́ẹ̀kẹta:
ewé, ní kíá, bí ọmọ tí kò mọ irọ́ í pa.
Ìyókù, n kò mọ̀. Ẹfun. Bóyá láfún.

Níta, ó jókòó sábẹ́ igi kọfí,
bàtà rẹ̀ pupa fún eruku ọ̀nà.
Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.
Ó kà á. Ó ká a sí mẹ́rin. Ó tún un tú.
Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Mo bu omi fún un.
Ó mu ún tán, ó na ife sí mi,
mo tún bù ú,
ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún ọtí kíkan.