Asọ̀ Lórí Aṣọ

Ní ilé alájà mẹ́rin wa ní Härnösand,
àjà ilẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ méjèèjì wà.
Àgádágodo kékeré mẹ́tàdínlógún ló wà lára pátákó,
ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdílé kan:
ibi tí o bá fi tìrẹ kọ́, wákàtí rẹ nìyẹn;
ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá ààyè tirẹ̀
ti jẹ gbèsè tí a kì í forí jì.

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni ti Gunvor Hedlöf, aago méje géérégé.
Tèmi ló tẹ̀ lé e.
Gbígbóná ni mo máa ń bá ẹ̀rọ náà,
omi amáṣọrọ̀ ṣì ń kán nínú ihò rẹ̀, aláwọ̀ aró,
òórùn òdòdó tí kò hù ní ilẹ̀ kankan
á sì tẹ̀ lé aṣọ mi gun àtẹ̀gùn.

Ẹnikẹ́ni ò lè parọ́ táwẹ́ẹ̀lì fún mi.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń fọ̀ wọ́n nílé ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba,
igba lójúmọ́ nígbà ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé.
Da omi amáṣọrọ̀ sí táwẹ́ẹ̀lì, á rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú,
á dùn ún fọwọ́ pa.
Ó yá, fi nura wò:
omi á máa rìn kiri lẹ́yìn rẹ bí àlejò tó ń bèèrè ọ̀nà,
aṣọ náà á kàn máa wò ó.
Ọ̀rá ti bo fọ́nrán rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti dí.
Òùngbẹ sì ni iṣẹ́ táwẹ́ẹ̀lì;
èyí tí òùngbẹ kò gbẹ, kí ló fẹ́ ṣe láyé?
Gbogbo ohun tó rọ̀ kọ́ ló rọrùn.

Ylva, ìyá Sixten, ló kọ́kọ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri:
“Ẹ jọ̀ọ́, ara ń yún ọmọ mi. Ẹ fi ọtí kíkan díẹ̀ rọ́pò rẹ̀.”
Ìdáhùn dé sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìkọ̀wé ayé àtijọ́:
“Mo ti ń fọṣọ níbí kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ náà.”
Ẹnì kan tí a ò mọ̀ fa ìlà pupa sídìí “Ẹ jọ̀ọ́”.
Bí asọ̀ ṣe wọ inú aṣọ nìyẹn,
a ò kí ara wa mọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Oṣù Kejìlá. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, oòrùn ti wọ̀.
Mo sọ̀kalẹ̀ lóru nítorí ìbọ̀sẹ̀ kan tí mo gbàgbé.
Gunvor ni mo bá níwájú ẹ̀rọ, iná wà ní pípa,
ìgò bùlúù lórí itan rẹ̀.
N kò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Torvald, ọkọ rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n
nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se igi di bébà:
òórùn ẹyin jíjẹrà nínú ṣẹ́ẹ̀tì, nínú irun, nínú ìrọ̀rí.
“Owó oṣù tó kọ́kọ́ gbà, ìgò kan ni mo fi rà.
Mo dà á, mo dà á, kò borí òórùn yẹn rí.
Ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé. Torvald ti lọ.
Ọwọ́ mi nìkan ni kò tíì gbọ́.”
Ó dákẹ́ díẹ̀.
“Àti pé níbi tí oòrùn kò bá ti yọ,
òórùn lèèyàn ń yá lò,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oorun kì í kunni.”

A ò ṣèpàdé. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì.
Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àgádágodo Gunvor ti kúrò ní Ìṣẹ́gun,
ó ti bọ́ sí wákàtí ìkẹyìn, alẹ́ ọjọ́ Àìkú.
Bó bá fọṣọ tán, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ihò náà
títí ọ̀rùn ọwọ́ rẹ̀ á fi pọ́n.
Ara ṣì ń yún Sixten.
Ó lè jẹ́ wàrà.

Bí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ má rà á.
Táwẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ ẹ, aṣọ eré ìdárayá ò fẹ́ ẹ,
ìdajì ife ọtí kíkan tó.
Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ní igun tí kò sí èrò,
mo máa ń ṣí ìdérí bùlúù kan,
mo gbóòórùn rẹ̀,
mo bojú wẹ̀yìn,
mo dé e padà.