Níbo Ni Ìrù Wọ̀ Sí?

Oṣù keje ni, ní Kamisawa, lẹ́sẹ̀ òkè.
Omi oko ìrẹsì dé ọrùn ẹsẹ̀ mi,
ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.
Mo lóṣòó, mo ti ọwọ́ bọ ẹrẹ̀,
mò ń wá ìrù.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo ti ṣírò rẹ̀:
bí ẹgbẹ̀rún légbénlégbé bá ní ìrù lánàá,
tí ẹgbẹ̀rún àkèré sì jókòó sórí ewé lónìí,
ẹgbẹ̀rún ìrù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ níbì kan,
bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀,
bí eyín mi tí mo jù sórí òrùlé.
Ẹrẹ̀ nìkan ni mo rí,
àti ìṣáwùrú kan tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ìyá àgbà mi, Fusae, na ẹ̀yìn rẹ̀
(ẹ̀yìn náà kì í nà tán mọ́),
ó fi abọ́ tíì bu omi: “Wò ó.”
Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò tíì pinnu,
ẹsẹ̀ mẹ́rin, àti ìrù bíi kùkùté pẹ́ńsù.
“Kò já. Kò sẹ́ni tó gé e.
Ẹnu tó fi ń họ ara òkúta jẹ ti bàjẹ́,
ẹnu tuntun kò tíì mọ kòkòrò í mú.
Ebi ìbá pa á.
Ìrù rẹ̀ ló ń jẹ,
láti inú wá, díẹ̀díẹ̀,
láìfi eyín kàn án.”

(Ó pẹ́ kí olùkọ́ wa Hatsuno tó sọ fún wa
pé ọrùn ló ń pàṣẹ,
tí ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ náà títí dé ìdí.)

Mo bi í bóyá ó ń dùn ún.
Ó ní òun kò jẹ́ légbénlégbé rí.

Nírọ̀lẹ́, Nomiyama alábòójútó omi gun alùpùpù dé:
gbogbo oko ló ti gbẹ omi wọn,
ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sán kí gbòǹgbò ìrẹsì lè walẹ̀,
ti ìyá yìí nìkan ló kù.
Ìyá àgbà gbé abọ́ náà sí i nímú.
“Ó ku ìwọ̀n èékánná. Fún mi lọ́jọ́ mẹ́rin.”
Ó fún un ní mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹta ó fa pákó ìdènà yọ.
Omi lọ. Àwọn kéékèèké gun ebè bí ẹni pé
òjò ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè.
Mo mú ọ̀kan, mo fi ìka kan ìdí rẹ̀.
Ó ń dán. Kò sí àpá.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ta ẹ̀rọ ìkórè,
wọ́n ta oko òkè, wọ́n ta ti ìsàlẹ̀,
mo sì ń kàwé ní ìlú etíkun,
mò ń kọ́ ẹnu tuntun.
N kò gbọ́ ìró àdá kankan.

Oṣù keje mìíràn ni mo padà wá.
Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bó èso píìsì fún mi,
ó ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìrọ̀rí fi gbé e mì.
Mo jẹ gbogbo rẹ̀.
N kò bi í bóyá ó ń dùn ún.