Oríkèé Ọ̀rọ̀

Ogójì ọdún ni Wubbe fi to lẹ́tà òjé
nílé ìtẹ̀wé kan ní Deventer, létí odò IJssel.
Bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju ìlà lọ,
òun ló mọ oríkèé rẹ̀,
ibi tí ọ̀bẹ lè gbà tí eegun kò ní fọ́.

Ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀ a máa gun ara wọn lẹ́yìn,
bí ọmọdé tó ń ṣeré lórí odò dídì:
ọ̀kan di ẹ̀wù èkejì mú,
atẹ́gùn pàápàá kò ráyè kọjá láàárín wọn.

Valkuil, ẹ wò ó.
Gé e lẹ́yìn l, kòtò ọdẹ ni,
ẹni tí kò ṣọ́ra á jìn sí i.
Gé e lẹ́yìn k, ẹyẹ méjì ni,
àṣá àti òwìwí lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo.

Lọ́dún kan, Joris, ọmọ iṣẹ́ tuntun,
ṣẹ́ kerstomaatjes níbi tí kò yẹ.
Tòmátò wẹ́wẹ́ inú ìwé oúnjẹ
di àwọn ìyá àgbà kéékèèké ọjọ́ Kérésìmesì,
tí wọ́n ní ká là sí méjì, ká bu iyọ̀ sí.
Wubbe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Kò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe
títí ó fi mú ẹ̀dà kan lọ sílé fún Aleida.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni rọpárọsẹ̀ dé.
Apá ọ̀tún kú.
Ọ̀rọ̀ kò kú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ dàrú:
ẹrù tó yẹ kó wà lórí ń bọ́ sí ìrù.

Èdè wọn kì í gun òkè ohùn, kó tún sọ̀ kalẹ̀, bíi tiwa.
Sílébù kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi,
ìyókù á sá kọjá.
VOORkomen: kí nǹkan ṣẹlẹ̀.
VoorKOmen: kí a má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Lálaalẹ́ ni Aleida ń fi ìka lu tábìlì fún un,
kò, kò, kó!
kọ́fí á tutù síwájú wọn.

Dókítà ní àrùn yìí tún lè padà wá.
Voorkomen, ó wí, ó tẹ iwájú rẹ̀.
Wubbe gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó là á já díẹ̀díẹ̀,
òógùn bò ó níwájú orí,
àárín ni gbogbo agbára rẹ̀ bọ́ sí.

Dókítà ya ẹnu láti tún un ṣe.
Aleida gbé ọwọ́ sókè.