Ìpínrọ̀ Keje

Ọjọ́ kẹta rèé ní gbọ̀ngàn Ifẹ̀,
a ò tíì kúrò ní ìpínrọ̀ keje.
Ẹnìkan ní ká kọ "lè",
ẹnìkejì ní àfi "gbọ́dọ̀". Tíì ti tutù.

Páìpù ni wọ́n ń jà lé lórí, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́.
Ó lè gbé wàrà màlúù kọjá;
bó bá ń yí kánkán, ó lè sẹ́ yureníọ̀mù
bí ẹni sẹ́ èlùbọ́.
Ohun tó kù nínú asẹ́ ni ń jó ìlú.

Mo rántí Ògúndàhùnsi, bàbá bàbá mi,
alágbẹ̀dẹ Ìlódè, tí kì í ta àdá lálẹ́.
Á bi oníbàárà: "Oko ta lo fẹ́ ṣán?"
Bí èsì bá kọsẹ̀, á ní irin òun ò tíì tutù.
Àlejò kan náwó ìlọ́po mẹ́ta sílẹ̀;
ẹwìrì ni bàbá ń fẹ̀ lọ.
Ẹ̀wà la jẹ lóṣù náà títí ó fi sú wa.

Mo gbé páálí orúkọ wa dúró.
"Gbọ́dọ̀," ni mo wí.
Ògbufọ̀ yíjú sí mi:
"Gbọ́dọ̀ ṣe kí ni, mà?"
Kí wọ́n bi í ni.
Oko ta ni.