Àwọn Tó Ń Gé Ewé Lóru

Mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá,
igi róòsì Eduvigis ti wà ní ìhòòhò.
Ẹ̀gún nìkan ló ṣẹ́kù,
bí ìka ẹni tí wọ́n jí gbogbo òrùka rẹ̀ lọ.

Ewúrẹ́ Ludmila ni mo kọ́kọ́ fura sí.
Mo ti ń to èébú jọ sẹ́nu
kí n tó rí i nílẹ̀: ọ̀nà tóóró kan
tó mọ́ ju àgbàlá mi lọ,
ó gba abẹ́ okùn aṣọ, ó yí àgbá omi po,
ó forí lé apá odò Gualeguay.
Ogójì ọdún ni mo fi tún ojú irin ṣe fún ìjọba.
Bí mo bá rí iṣẹ́ ọ̀nà, mo mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní èèrà kan náà ni gbogbo èèrà.
Irọ́ ni.
Wẹ́wẹ́ tó wà nínú ìkòkò ṣúgà mi,
tó ń sáré kiri bí ajẹgbèsè, kò lóró:
fi àkísà àti ọtí kíkan nu ojú ọ̀nà rẹ̀,
kò ní mọ ilé mọ́.
Dúdú ńlá tó ń gbẹ́ òpó, òrùlé tó ń jò ló pè é wá.
Kan òpó náà. Bó bá dún bí igbá òfìfo,
àlejò rẹ ti pẹ́ nílé.
Pupa etí odò, tó ń ta bí iná,
má fi ẹsẹ̀ lásán kọjá lágbègbè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti ìdí róòsì yìí,
mo mú ọ̀kan sínú ìgò,
mo gbé awò ìkàwé Eduvigis lé e.
Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà á rí ìfun inú rẹ̀.
Mo fara balẹ̀. Ẹ̀gún ni mo rí,
mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì,
àti ẹnu bí àlùmọ́gàjí.

Kì í jẹ ewé tó ń gé.
Ludmila ló sọ fún mi
lẹ́yìn tí mo ti bẹ ewúrẹ́ rẹ̀ tán:
oko ni wọ́n ń dá nísàlẹ̀, olú ni wọ́n ń gbìn,
ewé róòsì ìyàwó mi ni ajílẹ̀.

Mo da omi gbígbóná. Wọ́n lu ihò mìíràn.
Mo da eérú. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.
Mo gbé kẹrosíìnì,
Ludmila gba garawa lọ́wọ́ mi:
“Anselmo, kànga wà níbẹ̀ yẹn.
Àbí ìwọ náà fẹ́ tẹ̀ lé e ni?”
Mi ò dá a lóhùn.

Ó bá mi ra hóró májèlé tí wọ́n fi èèpo ọsàn pò.
Wọ ìbọ̀wọ́, ó ní, wọ́n ń gbóòórùn èèyàn.
Dè ajá rẹ mọ́lẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí o wọ́n ọn sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà,
kì í ṣe ẹnu ihò, bí òjò bá sì ṣú, padà sílé.

Ilẹ̀ ṣú. Mo gbé àga jáde,
mo ń fa mátè tó ti tutù nínú igbá rẹ̀.
Wọ́n gbé hóró náà
bí wọ́n ṣe gbé òdòdó, pẹ̀lú ìtara kan náà.
Ọ̀kan gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́,
èkejì yà wá ràn án lọ́wọ́.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ewé gbígbẹ kan já lulẹ̀,
ó dábùú ọ̀nà wọn. Kò sí ẹni tó gbé e kúrò.

Oṣù kejìlá ti dé, róòsì ti yọ ọ̀mùnú pupa.
Lálẹ́ àná, lẹ́yìn òjò,
abo oníyẹ̀ẹ́ kan já sórí tábìlì mi.
Ó bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ ìrìn-àjò,
ó ń wá ilẹ̀ tí yóò gbẹ́.
Mo da gíláàsì bò ó.
Ludmila ní kí n tẹ̀ ẹ́ pa.
Mo ní ó di ọ̀la.