Ọ̀kẹ́ Méjì

Láti Mọ̀pà ni mo ti ń tò ó lẹ́nu,
ọ̀rọ̀ tí n ó bá ọ sọ, Ìbítóyè.
Lẹ́yìn ọ̀kadà, eruku ń wọ̀ mí lójú,
mo ń sọ ọ́, mo ń pa á rẹ́, mo tún ń sọ ọ́:
"Àbúrò, má bínú..." Rárá. Ta ló yẹ kó bínú?
"Mi ò wá jà..." Irọ́ ni. Mo wá jà.
Ọlọ́kadà ní, "Màmá, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"
Mo ní kó máa wo iwájú.

O ní tí kajú bá jáde.
Kajú jáde, ó pọ́n, ó ń já bọ́ lábẹ́ igi,
àwọn ará Kàbà rà á, wọ́n kó o lọ.
O ní ọyẹ́ ti gbọ̀n òdòdó tìrẹ dànù.
Ó dáa. Ti ọdún tó tẹ̀lé e ńkọ́?
O rí mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja,
"Òkun o, Òkun o," o kí mi títí
èmi ni mo tún ń bẹ̀ ọ́ pé kó o dìde.

Oṣù kẹta rèé tí maṣíìnì mi ti kú.
Aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ ni mo fi ń rán an,
abẹ́rẹ́ ti lu àtàǹpàkò mi bí ajere.

Mo dé Ìsánlú. Mo ti fẹ́ kí n bá páànù tuntun lórí ilé rẹ.
Ìbá rọrùn.
Abọ́ mẹ́ta lẹ tò sábẹ́ ibi tó ń jò,
wọ́n gbẹ táútáú, wọ́n ń dúró de òjò.
Ọmọ rẹ bu omi fún mi. Mo mu ún.
Gbogbo ohun tí mo tò láti Mọ̀pà tú.
Mo ní, "Ìbítóyè, owó mi dà?"

O ò dọ̀bálẹ̀. O ò kí mi.
O wọlé, o mú ìwé àwọn ọmọ kan jáde, o ṣí i.
Gbogbo ọjọ́ ọjà lo fi bírò pupa kọ ọ́:
Mo jẹ Abọ́sẹ̀dé ní ọ̀kẹ́ méjì.
Mo jẹ Abọ́sẹ̀dé ní ọ̀kẹ́ méjì.
Ojú ìwé mọ́kànlá, kọ́bọ̀ kan ò sí láàárín wọn.

Mo kà á tán.
Lójú ìwé kẹsàn-án o ṣi orúkọ mi kọ.
Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ, mo tún un ṣe,
mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
ẹgbẹ̀rún méjì, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.
Ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè níta.